Ẹ Bi Oníkọ̀ǹpútà: Ajífáìlìgbé wọ ilé onífọ́tò

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n Oníkọ̀ǹpútà, ẹ kú iṣẹ́ o. Fọ́tò àti fídíò ìgbéyàwó ni mo ń ṣe, inú ilé mi ní Òṣogbo ni mo sì ti ń ṣe é. Lọ́jọ́ Ẹtì tó kọjá, àbúrò ọkọ mi bá mi dáńlóòdù sọ́fúwíà tí a fi ń gé fídíò, èyí tí wọ́n ti kíráàkì, kí n má baà máa sanwó lóṣooṣù. Ó ní kí n pa antivirus ná, pé bí mi ò bá pa á, kò ní wọlé. Mo pa á. Kò pẹ́ ni nǹkan kan yọ lójú kọ̀ǹpútà pé Windows ń tún ara rẹ̀ ṣe, kí n ní sùúrù. Mo bọ́ sí kíṣìnì, mo lọ ro àmàlà. Ìgbà tí mo máa fi dé, gbogbo fọ́tò mi ti di pélébé funfun. Lẹ́tà mẹ́rin tí kò ní ìtumọ̀ ti lẹ̀ mọ́ ìparí orúkọ wọn, kò sì sí ọ̀kan tó ṣí. Fáìlì kan tó ń jẹ́ _readme.txt wà nínú fódà kọ̀ọ̀kan. Ó ní kí n san $980, àmọ́ tí mo bá kàn sí àwọn láàárín wákàtí 72, àwọn á gba $490. Iṣẹ́ oníbàárà mẹ́sàn-án ló wà níbẹ̀, méjì nínú wọn kò tíì gba álíbọ́ọ̀mù. External tí mo ń kó iṣẹ́ pamọ́ sí wà lára kọ̀ǹpútà lọ́jọ́ náà, ó bá a lọ. Ọkọ mi ní ká fọ́máàtì ẹ̀ ká gbà pé ó ti lọ. Àbúrò rẹ̀ ní ká lọ wá owó. Ẹ gbà mí o.
Ìyàwó Onífọ́tò, Òṣogbo

ÈSÌ: Ìyàwó Onífọ́tò, ẹ pẹ̀lẹ́, ẹ kú ìrọ́jú. Kí ẹ tó ka èyí tó kù, ẹ dìde, ẹ pa Wi-Fi, ẹ yọ external yẹn kúrò lára kọ̀ǹpútà. Fíláàṣì tó bá wà lára rẹ̀, ẹ yọ ọ́. Ó yá, ẹ jókòó. Ransomware ló wọlé yín, kòkòrò kọ̀ǹpútà tó ń ti fáìlì pa kó lè gbowó ìtúsílẹ̀.

Ọkọ yín kò rò ó níkà, àmọ́ ohun tó ní kí ẹ ṣe yẹn gan-an lèmi náà ṣe ní 2019, ó sì ń dùn mí dòní.

Oṣù Kínní ọdún náà ni bàbá kan, tíṣà tó ti fẹ̀yìntì, gbé láptọ́ọ̀pù wá sí ìsọ̀ mi nítòsí Queen Cinema n'Íbàdàn. Gbogbo fáìlì inú rẹ̀ ló parí sí .djvu. Bàbá ní àwọn ìwé inú rẹ̀ kò jẹ́ nǹkan kan lójú òun, ohùn ìyá òun ló ká òun lára. Wọ́n gba ohùn màmá náà sílẹ̀ sínú kásẹ́ẹ̀tì ní 1986, níbi tí wọ́n ti ń ki oríkì ilé wọn, nǹkan bí ogójì ìṣẹ́jú. Ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kan ló bá a sọ ọ́ di mp3 kí kásẹ́ẹ̀tì tó bàjẹ́, kásẹ́ẹ̀tì náà sì ti bàjẹ́ lóòótọ́. Mo wo ojú kọ̀ǹpútà lẹ́ẹ̀kan, mo ní, “Bàbá, fáírọ́ọ̀sì ti jẹ ẹ́ tán.” Mo fọ́máàtì ẹ̀, mo fi Windows tuntun sí i, mo gba ₦4,000. Mo tún ń yangàn pé ẹ wò ó bó ṣe ń yára.

Nígbà tó di oṣù Kẹwàá ọdún yẹn kan náà, ilé iṣẹ́ Emsisoft, tó ń ṣe antivirus, gbé irinṣẹ́ kan jáde lọ́fẹ̀ẹ́. Michael Gillespie, ará Amẹ́ríkà kan tó ti ń bá àwọn ènìyàn tú irú ìdè yìí láìgba kọ́bọ̀, ló bá wọn ṣe é. Oríṣi 148 nínú ẹbí kòkòrò yìí ni irinṣẹ́ náà lè ṣí, .djvu sì wà nínú wọn. Mo kà á lójú fóònù mi nínú ọkọ̀, ara mi bù máṣọ. Kí ni mo fẹ́ ṣí? Mo ti fọ gbogbo rẹ̀ dànù.

Èyí tó tún wá fi iyọ̀ sójú egbò ni ohun tí mo kọ́ lẹ́yìn náà. Kòkòrò yìí ń kánjú ni, nítorí kó má baà jẹ́ pé onílé á dé bá a lórí iṣẹ́. Kì í ti fáìlì látòkè délẹ̀. Iwájú fáìlì nìkan ló máa ń tì, nǹkan bí 150KB, á sì sáré bọ́ sórí èyí tó kàn. Mp3 tó wọ́pọ̀, èyí tí wọ́n ń pè ní 128, ń jẹ nǹkan bí 16KB ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ẹ fi pín 150 kí ẹ wò ó. Kò pé ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá. Nínú ogójì ìṣẹ́jú tí màmá fi ki oríkì, ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá ni olè mú. Èmi ni mo da ìyókù nù. Bàbá náà ṣì máa ń kí mi bó bá ń kọjá, n kò sì tíì sọ fún un.

Nítorí náà, ẹ bá mi bẹ ọkọ yín, kí ẹnikẹ́ni má fọ́máàtì nǹkan kan. Ẹ wá háàdì mìíràn, ẹ yá a bí ẹ kò bá ní, kí ẹ da gbogbo fáìlì tí wọ́n tì pa yẹn sínú rẹ̀ bó ṣe wà, pẹ̀lú _readme.txt kan àti ìwé kékeré tó wà nínú C:\SystemID, èyí tó ń jẹ́ PersonalID.txt. Lẹ́yìn ìgbà tí ẹ bá ti kó ìyẹn pamọ́ ni ẹ tó lè pe ẹni tó máa fọ kọ̀ǹpútà.

Ohun tí ẹ kọ sí mi ti jẹ́ kí n mọ ẹni tó wọlé yín. Owó $980 tó ń di $490, wákàtí 72, _readme.txt, lẹ́tà mẹ́rin, àti Windows èké tó ní kí ẹ ní sùúrù: STOP Djvu nìyẹn, òun náà ló wọ kọ̀ǹpútà bàbá tíṣà, ó kàn ti pààrọ̀ aṣọ ni. Àwọn tó ń bá ilé iṣẹ́ ńláńlá jà kì í béèrè owó tó kéré báyìí. Èyí, ilé àwa mẹ̀kúnnù ló ń wọ̀, inú kíráàkì ló sì máa ń lúgọ sí. Àmọ́ ẹ má gba tẹnu mi nìkan. Ojúlé kan wà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì tó ń jẹ́ ID Ransomware. Tí ẹ bá gbé _readme.txt àti fáìlì kan tí wọ́n tì lọ síbẹ̀, á sọ orúkọ ẹni tó ṣe é. No More Ransom náà wà, tí àwọn ọlọ́pàá Netherlands, Europol tó jẹ́ ti àwọn ọlọ́pàá Yúróòpù, àti àwọn ilé iṣẹ́ antivirus Kaspersky àti Intel Security dá sílẹ̀ ní 2016. Kọ́kọ́rọ́ ọ̀fẹ́ ló kún ibẹ̀. Fóònù ni kí ẹ fi lọ, nítorí Djvu máa ń dọ́gbọ́n sí kọ̀ǹpútà tó bá wọ̀ kó má lè ṣí àwọn ojúlé tó lè ràn yín lọ́wọ́.

Ẹ wá ṣí _readme.txt náà, kí ẹ lọ sísàlẹ̀ pátápátá. Ẹ óò rí nọ́ńbà gígùn kan tí wọ́n pè ní ID yín. Ẹ wo àmì méjì tó gbẹ̀yìn: ṣé t1 ni? Orí t1 yìí ni ọ̀rọ̀ wà. Nígbà tí kòkòrò náà bá wọlé, ohun tó kọ́kọ́ ń ṣe ni kó pe ilé, kí àwọn ọ̀gá rẹ̀ fún un ní kọ́kọ́rọ́ tuntun tó jẹ́ ti ẹ̀yin nìkan. Tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá já, tàbí tí ilé kò dáhùn, á lo kọ́kọ́rọ́ kan tó gbé sínú ara rẹ̀, kọ́kọ́rọ́ àjùmọ̀lò, tó jẹ́ ọ̀kan náà fún gbogbo ẹni tí oríṣi yẹn bá kọlù láìsí nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Irú èyí ni ID rẹ̀ ń parí sí t1. Bí ẹnì kan níbikíbi láyé bá ti sanwó tó sì fún Emsisoft ní kọ́kọ́rọ́ tirẹ̀, irinṣẹ́ wọn lè ṣí ti ẹ̀yin náà. Láyé mi, ẹ̀ẹ̀kan yìí ni mo máa ń gbàdúrà pé kí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ẹni tó wá bá mi ti burú lọ́jọ́ tí nǹkan ṣẹlẹ̀.

Tí kò bá parí sí t1, kọ́kọ́rọ́ yín wà lọ́wọ́ olè nìkan. Láti oṣù Kẹjọ 2019 ni wọ́n ti dí àlàfo tí irinṣẹ́ àtijọ́ ń gbà wọlé, kò sì sí kọ̀ǹpútà kan lóde òní tó lè fi agbára já irú àgádágodo bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá ní òun lè já a ń pa yín nírọ́ ni. Ẹ kó fáìlì náà pamọ́, kí ẹ máa yẹ irinṣẹ́ náà wò bí oṣù mẹ́ta mẹ́ta bá ti ń kọjá.

Ẹ dákun, ẹ má tíì sáré sí ti fọ́tò. Nǹkan kan wà tó le jù ú lọ tí ẹ kò mẹ́nu bà. Djvu kì í dá wá. Ó sábà máa ń mú olè mìíràn dání, Azorult láyé ìjọ́un, Vidar tàbí RedLine lẹ́yìn náà, tí iṣẹ́ tirẹ̀ jẹ́ kó kó gbogbo páswọ́ọ̀dù tí ẹ ní kí Chrome bá yín rántí. Ìgbà tí ẹ ń ro àmàlà yẹn, ó ṣeé ṣe kí ímeèlì yín, Facebook tí ẹ fi ń polówó iṣẹ́, àti ti báńkì ti lọ. Ẹ fi fóònù pààrọ̀ wọn lónìí. Ímeèlì ni kí ẹ kọ́kọ́ ṣe, torí òun ni ìlẹ̀kùn tí a ń gbà dé ìyókù, lẹ́yìn náà báńkì, lẹ́yìn náà àwọn tó kù. Níbi tí wọ́n bá ti kọ ọ́ pé kí ẹ jáde lórí gbogbo ẹ̀rọ, ẹ tẹ̀ ẹ́. Ẹ má fi kọ̀ǹpútà yẹn ṣe é o. Ẹni tó bá pààrọ̀ páswọ́ọ̀dù lórí kọ̀ǹpútà tí olè ṣì wà nínú rẹ̀ ń ka tuntun sí olè létí ni.

Ó wá kan iṣẹ́ àwọn oníbàárà.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ látorí kámẹ́rà. Mélòó ni káàdì yín? Ẹ̀yin onífọ́tò máa ń kó iṣẹ́ sórí kọ̀ǹpútà tán, ẹ óò wá fọ́máàtì káàdì nínú kámẹ́rà kí ẹ tó lọ sí òde mìíràn. Fọ́máàtì inú kámẹ́rà yẹn kì í sábà nu fọ́tò kúrò. Orúkọ ló ń yọ nínú ìwé, àlejò ṣì wà nínú yàrá títí ẹlòmíràn yóò fi wá gba yàrá náà. Nítorí náà káàdì tó bá ti ya àwọn ìgbéyàwó yẹn, ẹ má fi ya ohunkóhun mọ́, bó ti wù kó kéré. Sọ́fúwíà ọ̀fẹ́ kan wà tó ń jẹ́ PhotoRec, kò lẹ́wà lójú, lẹ́tà funfun lórí dúdú ni, àmọ́ ó mọ iṣẹ́. Kọ̀ǹpútà ẹlòmíràn tó mọ́ ni kí ẹ ti lò ó, kí ẹ sì jẹ́ kó kó ohun tó bá rí sí ibòmíràn, kì í ṣe padà sínú káàdì náà.

Fídíò ni mo tún fọkàn sí. Fídíò tó jẹ́ 2GB, tí wọ́n sì ti 150KB péré níwájú rẹ̀, ìlẹ̀kùn ni wọ́n tì, ilé ṣì wà lódindi. Irinṣẹ́ Media_Repair ti àwọn DiskTuna, ọ̀fẹ́ lòun náà, lè bá yín tún MP4 àti MOV ṣe. Ẹ óò fún un ní fídíò kan tó dára tí kámẹ́rà kan náà yà, kó lè fi ṣe àwòkọ́ṣe. Orí ẹ̀dà ni kí ẹ ti ṣiṣẹ́ o, ẹ má fọwọ́ kan ojúlówó fáìlì. Fọ́tò JPEG le díẹ̀ jù bẹ́ẹ̀, àmọ́ kò bọ́. Tí fọ́tò bá tóbi, bíi 8MB, apá òkè rẹ̀ ló ń bàjẹ́, òrùlé gbọ̀ngàn ló sì sábà máa ń wà níbẹ̀. JPEGMedic ARWE ni àwọn tó mọ̀ ọ́n ń lò fún un, fọ́tò tó dára láti inú kámẹ́rà kan náà lòun náà ń bèèrè. Àwọn fọ́tò kéékèèké tí kò tó 150KB, ẹ fi ìyẹn sílẹ̀.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ lo ẹsẹ̀. Ilé tí wọ́n ti ń tẹ álíbọ́ọ̀mù fún yín, ẹ béèrè bóyá iṣẹ́ yín ṣì wà lórí kọ̀ǹpútà wọn. WhatsApp tí ẹ fi ránṣẹ́ sí ìyàwó pé kó yan èyí tó wù ú, ẹ wò ó. Kò lè dà bíi ti ojúlówó, ṣùgbọ́n fọ́tò WhatsApp sàn ju “ẹ má bínú” lọ. Ẹ sì pe àwọn oníbàárà méjèèjì fúnra yín kí wọ́n tó gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn tó ń sọ yín lẹ́yìn.

Ti owó ńkọ́? Tí a bá fi ₦1,500 ṣírò dọ́là kan, $490 jẹ́ ₦735,000, $980 sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mílíọ̀nù kan ààbọ̀. N kò ní bú ẹni tó bá san, torí ẹni tí ilé rẹ̀ ń jó ló mọ ohun tó fẹ́ gbé jáde. Àmọ́ bí ẹ bá bi mí, mo ní kí ẹ má san án. Ẹ kò mọ ẹni tó wà lódìkejì, ẹ ò ní ìwé rísíìtì, kò sì sí ilé tí ẹ óò lọ tí wọn kò bá dáhùn. Ti wákàtí 72 yẹn, ìpayà ni wọ́n fi ń tajà. Tó bá kọjá, ẹ̀dínwó nìkan ló ń lọ, fáìlì yín kò ní jóná.

Kí n tó kúrò lórí ọ̀rọ̀ yín: àbúrò ọkọ yín. Ẹ má lé e nílé. Ohun tó ṣe, èmi náà fi ṣiṣẹ́ jẹun rí. Fíláàṣì tó kún fún kíráàkì ni mo máa ń gbé ka Queen Cinema kiri, ₦1,000 sọ́fúwíà kan, títí di ọdún tí mo pàdánù ohùn màmá yẹn. Àmọ́ ẹ bá mi sọ fún un pé ohunkóhun tó bá ní ká pa antivirus kóun tó wọlé, àlejò tó dúró lẹ́nu ọ̀nà tó ní ẹ kọ́kọ́ so ajá yín mọ́lẹ̀ ni. Tí ẹ bá fẹ́ gé fídíò, DaVinci Resolve ní èyí tó jẹ́ ọ̀fẹ́, Kdenlive jẹ́ ọ̀fẹ́ látìbẹ̀rẹ̀, tí kọ̀ǹpútà yín kò bá lágbára púpọ̀ ìkejì yìí ni kí ẹ lò. Wọ́n á ṣòro fún yín ní ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́.

ÌBÉÈRÈ: Bàbá, ẹ kú iṣẹ́. Ilé-Ìwé gíga ni mo wà n'Ílé-Ifẹ̀. Ransomware ti ti project mi pa. Ẹnì kan tí mo bá pàdé lórí Telegram ní òun lè ṣí i, ₦150,000. Mo ní kó fi ẹ̀rí hàn mí, mo fi fáìlì kan ránṣẹ́, ó sì ṣí i lóòótọ́ láàárín ọjọ́ kan. Ṣé kí n san án?
Ọmọ Ifẹ̀

ÈSÌ: O pè mí ní Bàbá, mo gbà. Má san án.

Lọ tún ìwé tí àwọn olè fi sílẹ̀ kà. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé àwọn á ṣí fáìlì kan fún ọ lọ́fẹ̀ẹ́ kí o lè gbà pé kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ àwọn. Ó ṣeé ṣe dáadáa kí èèyàn rẹ lórí Telegram ti gba fáìlì rẹ, kó fi ránṣẹ́ sí àwọn olè kan náà, kó gba ẹ̀bùn yẹn, kó wá gbé e fún ọ bí ẹni pé ọgbọ́n orí rẹ̀ ni. Ọ̀rọ̀ náà kò mọ sí Telegram. Ní 2019, àwọn oníròyìn ProPublica ní Amẹ́ríkà tú àṣírí àwọn ilé iṣẹ́ kan tó ń sọ fún oníbàárà pé ìmọ̀ ẹ̀rọ ìgbàlódé làwọn fi ń gba fáìlì padà, nígbà tó jẹ́ pé ṣe ni wọ́n ń sanwó fún olè lábẹ́lẹ̀, tí wọ́n sì ń bu èrè tiwọn lé e.

Ìwé Word kéré, nítorí náà gbogbo rẹ̀ ni wọ́n máa ń tì pa, ọgbọ́n 150KB tí mo sọ lókè kò ní ṣe ọ́ láǹfààní púpọ̀. Ṣùgbọ́n sọ fún mi, ṣé o kò fi orí kìíní ránṣẹ́ sí supervisor rẹ rí? Wo ímeèlì rẹ níbi tí wọ́n kọ Sent sí. Wo kafé tí o ti tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé. Wo WhatsApp ọ̀rẹ́ rẹ tó yá a láti wò. Èyí tí supervisor fi bírò pupa kọ nǹkan sí lára, tí inú bí ọ sí lọ́jọ́ yẹn, fóònù lè yà á kó sì sọ ọ́ di ọ̀rọ̀ padà. Mo mọ ọmọ kan tó gba orí mẹ́rin padà nínú márùn-ún báyìí, kò ná ju owó dátà lọ.

ÌBÉÈRÈ: Ṣé àwọn ọmọ Yahoo wa náà ló ń ṣe èyí?
Alágbàdo, Àkúrẹ́

ÈSÌ: Èyí kọ́. Djvu máa ń wo orílẹ̀-èdè tí kọ̀ǹpútà wà kó tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Tó bá rí i pé Rọ́ṣíà ni, tàbí Belarus, tàbí Kazakhstan àti àwọn aládùúgbò wọn kan, á fi ibẹ̀ sílẹ̀ láìfọwọ́ kan nǹkan kan. Nàìjíríà kò sí lára àwọn tó ń fojú fò. Ẹ fi ìyẹn ro ibi tí ilé wọn lè wà.

Iṣẹ́ náà sì ti dàgbà ju Yahoo lọ. Ní 1989, Joseph Popp, ọ̀mọ̀wé ará Amẹ́ríkà kan, fi nǹkan bí 20,000 dísíkẹ́ẹ̀tì ránṣẹ́ nípasẹ̀ ilé ìfìwéránṣẹ́, ó ní ọ̀rọ̀ àrùn AIDS ló wà nínú rẹ̀. Tí ènìyàn bá ti tan kọ̀ǹpútà ní nǹkan bí ìgbà àádọ́rùn-ún, orúkọ fáìlì á dàrú, ìwé á sì yọ pé kó fi $189 ránṣẹ́ sí àpótí ìfìwéránṣẹ́ kan ní Panama. Wọ́n mú un, wọ́n gbé e dé ilé ẹjọ́ ní Ìlú Ọba, adájọ́ ní orí rẹ̀ kò pé tó láti jẹ́jọ́. Bitcoin, owó orí íńtánẹ́ẹ̀tì, ló wá sọ òwò yìí di ńlá, torí kò sí àpótí tí ọlọ́pàá lè lọ ba dè mọ́.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n, Peckham ni mo wà ní London. Dádì wa ní Ìjẹ̀bú-Òde ń kọ ìtàn ìdílé wa sórí kọ̀ǹpútà, Windows 10. Kí ni kí n ṣe kí irú èyí má ba wọn, láìsí pé mò ń pè wọ́n lójoojúmọ́?
Ọmọ Ìjẹ̀bú

ÈSÌ: Ẹ ra external méjì fún wọn, kékeré ti tó, ọ̀rọ̀ kì í gba àyè. Ẹ fi lẹ́ẹ̀dì pupa kọ A sára ọ̀kan, B sára èkejì. Ọjọ́ Àìkú yìí, tí wọ́n bá ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, kí wọ́n ki A bọ kọ̀ǹpútà, kí wọ́n da ìwé wọn sí i, kí wọ́n yọ ọ́. Ọjọ́ Àìkú tó ń bọ̀, B. Yíyọ yẹn ni ọgbọ́n ibẹ̀. External tó bá ń gbé lára kọ̀ǹpútà kò yàtọ̀ sí kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀, ẹ bi Ìyàwó Onífọ́tò léèrè. Kí ọ̀kan máa gbé ilé àbúrò wọn, kí wọ́n máa pààrọ̀ rẹ̀ nígbà ìpàdé ẹbí. Google Drive máa ń fúnni ní 15GB lọ́fẹ̀ẹ́, ẹ fi ìtàn náà síbẹ̀ pẹ̀lú. Dátà tí ọ̀rọ̀ lásán ń jẹ kò tó nǹkan.

Microsoft ti jáwọ́ lára Windows 10 láti ọjọ́ 14 oṣù Kẹwàá 2025, nítorí náà bí kọ̀ǹpútà náà bá lè gba Windows 11, kí ẹnì kan bá wọn gbé e lọ síbẹ̀. Nínú Windows Security, ẹ wá Controlled folder access kí ẹ tan án. Ó máa ń wà ní pípa látilẹ̀, n kò sì mọ ohun tí wọ́n ń dúró dè. Tó bá ti wà ní títàn, sọ́fúwíà àjèjì kò lè fọwọ́ kan fódà ìwé wọn láìgbàyè. Ẹ tún jẹ́ kí Windows máa fi ìparí orúkọ fáìlì hàn, kí wọ́n lè rí i tí “ìwé ìpè” bá parí sí .exe, tó túmọ̀ sí pé sọ́fúwíà ni, kì í ṣe ìwé. Ẹ sọ fún Dádì pé tí nǹkan kan kò bá dá wọn lójú, kí wọ́n má tẹ ohunkóhun, kí wọ́n dúró de ìpè yín ọjọ́ Sátidé.

ÀFIKÚN: A ti fẹ́ máa tẹ ìwé yìí nígbà tí Ìyàwó Onífọ́tò fi ID rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi. Kò parí sí t1. Àmọ́ PhotoRec ti kó fọ́tò 611 jáde nínú káàdì kan, ìgbéyàwó kan wà níbẹ̀ lódindi látorí ìmúra títí dé àríyá alẹ́. Káàdì ìgbéyàwó kejì, wọ́n ti fi ya ìsọmọlórúkọ lé e lórí. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé fídíò rẹ̀ sínú Media_Repair lánàá, iná sì lọ. Mò ń retí ìpè wọn.